Àbá òfin NAFDAC: ibo ni kí n gbà sọ tèmi?

Ẹlẹ́lùbọ́ Bódìjà: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èlùbọ́ ni mò ń dì sínú ọ̀rá tà. Mo rí àbá òfin NAFDAC lórí àkọlé ara oúnjẹ, wọ́n ní kí aráàlú dá sí i. Ṣé wọ́n máa ń kà á, àbí ojú ayé lásán ni?

Agbẹjọ́rò Kékeré: Ẹ kọ ọ́, Mà. Ìgbìmọ̀ NAFDAC ló ń ṣe é, mínísítà ètò ìlera á fọwọ́ sí i, ó di inú gásẹ́ẹ̀tì, ìwé tí ìjọba fi ń kéde òfin. Tó bá ti débẹ̀, apá yín ò ká a bọ̀rọ̀. Ẹ má kàn kọ pé "òfin yìí le jù." Ẹ tọ́ka sí abala tó ń ni yín lára, ẹ sọ iye tó máa fi kún owó ọ̀rá kan, kí ẹ sì kọ gbólóhùn tí ẹ fẹ́ kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yẹn gan-an ni!

Ọmọ Mushin: Ẹ wo ọtí inú ọ̀rá. 2018 ni NAFDAC àtàwọn oníléeṣẹ́ ọtí ti fọwọ́ sí àdéhùn pé kó dópin ní January 2024. Àwọn oníléeṣẹ́ pariwo dé Ilé Aṣòfin, ìjọba bá sún un sí December 2025. Ẹgbẹ́ ni wọ́n ní o.

Ẹlẹ́lùbọ́ Bódìjà: Ìwọ̀n lẹ́tà tí wọ́n ní ká kọ sára ọ̀rá ló kàn mí, ọ̀rá mi kéré. A máa kọ ọ́ lẹ́gbẹ́lẹ́gbẹ́. Ímeèlì ni àbí kí n gbé e lọ?

Agbẹjọ́rò Kékeré: Méjèèjì. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ẹ̀dà tiyín.