Ṣé àgàbàgebè ni ẹni tí ìrísí rẹ̀ lórí Facebook bá yàtọ̀ sí ti Instagram?

Olùkọ́ Aránṣọ (Ògbómọ̀ṣọ́):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbí, mo sì ń ránṣọ ní ìrọ̀lẹ́. Lórí Facebook, níbi tí àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́ mi àti àwọn ará ìjọ wa wà, èmi ni obìnrin tí í fi ẹsẹ Bíbélì kí ènìyàn láràárọ̀. Lórí Instagram, èmi ni aránṣọ tó kun ètè, tó we gèlè gogoro, tó sì fọwọ́ lé ìbàdí. Ní ti WhatsApp, ẹ̀fẹ̀ ni mo máa ń fi síbẹ̀ fún àwọn tí a jọ kàwé ní LAUTECH. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣàdédé rí ti Instagram yẹn, ó sì pè mí ní agogo mọ́kànlá òru pé: "Nínú gbogbo àwọn wọ̀nyí, èwo ni àbúrò mi?" N kò rí èsì fún un. Ṣé àgàbàgebè ni mò ń ṣe ni?

Ará Akẹ̀sán (Ọ̀yọ́):
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Olùkọ́. Ní agboolé wa ní Ọ̀yọ́, Àjàní ni ìyá bàbá mi ń pe bàbá mi. Àwọn ìyàwó ilé, tí kò gbọdọ̀ dárúkọ ọmọ ọkọ, ń pè é ní Eyínfúnjowó. Alhaji sì ni ní mọ́ṣáláṣí. Ohùn tó fi ń dá ìyá rẹ̀ lóhùn lórí ìdọ̀bálẹ̀ kọ́ ló fi ń bá ajigbèsè sọ̀rọ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tó bi í pé èwo ni òun gan-an. Erving Goffman, onímọ̀ nípa àwùjọ tí wọ́n bí ní Kánádà ní ọdún 1922, ti fi ìgbé ayé ènìyàn wé eré orí ìtàgé, tí olúkúlùkù ní bí ó ti ń ṣe níwájú èrò àti bí ó ti ń ṣe lẹ́yìn aṣọ ìkélé, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Facebook. Ohun tó yí padà ni pé ọjà kò sí nínú yàrá ìyá bàbá mi nígbà náà. Lónìí, inú fóònù kan náà ni ìyá, oníbàárà àti ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ti ń wò yín.

Ọ̀dọ́ Sábó:
Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nọ́ńbà fóònù yín ló tú yín fó, ẹ̀gbọ́n. Bí ènìyàn bá gba Instagram láyè láti ka àwọn nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀, Instagram lè gbé ojú ìwé àwọn tó ni wọ́n wá síwájú rẹ̀. Ẹ lè yan àwọn tí yóò máa rí status yín lórí WhatsApp, ṣùgbọ́n wákàtí 24 tó ń lò kò ní kí ẹnikẹ́ni má ya àwòrán rẹ̀ pamọ́.

Ìyá Ìbejì:
Mo gba ọ̀rọ̀ ará Akẹ̀sán dé ìdajì. Bàbá wọn kò fi orúkọ kankan gba owó ẹlòmíràn. Lọ́dún tó kọjá, mo rí aṣọ kan tó wù mí lójú ìwé aránṣọ kan, mo san 35,000 náírà, ọwọ́ ọ̀tún aṣọ tí ó rán fún mi sì gùn ju ti òsì lọ. Nígbà tí mo pariwo, ó jẹ́wọ́ pé kì í ṣe òun ló rán aṣọ inú àwòrán náà. Gèlè gogoro kò pa ẹnikẹ́ni lára o, Olùkọ́. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀yin lẹ rán gbogbo aṣọ tí ẹ gbé síbẹ̀?

Olùkọ́ Aránṣọ:
Ẹ ṣeun, mà. Rárá, mẹ́ta kì í ṣe tèmi. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló rán wọn, mo sì fi wọ́n síbẹ̀ nígbà tí n kò tíì ní oníbàárà. Mo ti yọ wọ́n kúrò láàárọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n mo jẹ́ kí àwòrán ètè pupa wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì gbé ìpè mi.