Aginjù kọ́ ni ẹ̀yìn oko: lórí àwọn ọ̀rọ̀ ìfẹsẹ̀rìn àti ìpàgọ́ ní Èkìtì

Ẹ̀yin ará ilé èdè, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àròjinlẹ̀.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé kí la máa pe ohun tí àwọn ọ̀dọ́ gbé lárugẹ báyìí: kí ọ̀rẹ́ mẹ́rin márùn-ún gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí wọ́n gun òkè, kí wọ́n sùn sígbó, kí wọ́n padà wálé lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ìbàdàn dábàá ọ̀rọ̀ mẹ́rin: "aginjù" fún ibi tí wọ́n ń lọ, "ìrìn-àjò afẹ́" fún ìrìn náà, "ibùdó" fún sísùn síbẹ̀, àti "àpò àpọ̀n" fún àpò ẹ̀yìn wọn. Àbúrò kan fi "àrokò" kún un fún àmì tí wọ́n ń fi sójú ọ̀nà kí wọ́n má baà ṣìnà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, torí pé ẹni tó bá dábàá ló fún wa ní nǹkan tí a máa yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n nínú máràárùn-ún, kò sí èyí tí mo lè gbà bó ṣe wà. Èkìtì ni màá fi ṣàlàyé, nítorí pé òkè ni ilẹ̀ ibẹ̀. Àwọn àgbà ní òkìtì ni a ti rí orúkọ Èkìtì fúnra rẹ̀.

Aginjù ló ká mi lára jù. Ibi tí kò sí ènìyàn ni aginjù, ibi tí omi ti ṣọ̀wọ́n, tí kò sí ẹni tó ni ín. Ẹ wá wo Èkìtì. Ẹni tó bá yà kúrò lójú títì ní apá Ẹ̀fọ̀n-Alààyè tàbí Ìpólé-Ìlórò, tó wọ igbó lọ, kò ní pẹ́ kan oko kòkó. Lẹ́yìn ìyẹn ó lè kan oko ọ̀gẹ̀dẹ̀, ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ kó sinmi, àkùrọ̀ lẹ́bàá odò, kó tó wọ ẹgàn, igbó ńlá tí wọn ò tíì ro, kó tó dé ẹsẹ̀ àpáta. Gbogbo rẹ̀ ló ní ẹni tó ni ín. Tí a bá pe ibẹ̀ ní aginjù, a ti kọ́ ọmọ wa pé ilẹ̀ náà ò lẹ́ni. Yóò sì já ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọlọ́gẹ̀dẹ̀ láìmọ̀ pé olè lòun ń jà.

Ìdí kejì tilẹ̀ ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ. Ká ní ẹsẹ̀ ẹnìkan yẹ̀ lórí òkúta, tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Wọ́n pe 112, tàbí wọ́n pe ọdẹ tó mọ agbègbè náà. "A wà nínú aginjù" ò lè mú ẹnikẹ́ni dé ọ̀dọ̀ wọn. "A ti kọjá abà kejì, a sọdá odò kékeré kan, àkùrọ̀ wà lọ́wọ́ òsì wa, ẹsẹ̀ àpáta la wà": ọdẹ tó gbọ́ èyí ti gbéra. Ọ̀rọ̀ tí a bá fẹ́ fún ọ̀dọ́ tó ń wọgbó gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí ẹni tó ń wá a lè gbọ́, kó sì mọ ibi tó máa gbà. Nítorí náà, kí wọ́n kọ́ oko, abà, ahéré, ọ̀dàn, àkùrọ̀, ẹgàn, òkè àti àpáta, kí wọ́n mọ ìyàtọ̀ wọn. Kí wọ́n béèrè orúkọ abà àti odò kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń kọjá, kí wọ́n sì kọ ọ́ sórí ìwé, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń lọ lẹ́yìn àpáta, bátìrì fóònù náà sì lè tán. Bí a bá sì fẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó máa kó gbogbo ibẹ̀ pọ̀, mo dábàá "ẹ̀yìn-oko". Bí ẹ̀yìnkùlé ṣe wà lẹ́yìn ilé, tó sì jẹ́ ti onílé síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yìn-oko ṣe wà lẹ́yìn oko.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí òkè àti àpáta, torí a máa ń lò wọ́n bíi pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Òkè Olósùnta àti Òkè Orólè ní Ìkéré-Èkìtì, òkè lorúkọ wọn, àpáta sì ni wọ́n. Òkè lásán ní iyẹ̀pẹ̀ àti koríko tí ẹsẹ̀ lè rọ̀ mọ́. Ara àpáta, ẹ máa rí ìlà dúdú gbọọrọ tó ti òkè sọ̀ kalẹ̀ bí omijé tó gbẹ sójú ọmọdé. Ojú ibi tí omi òjò ń gbà nìyẹn, nǹkan tó ń hù níbẹ̀ ló sọ ọ́ di dúdú. Tó bá gbẹ, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Tó bá ti tutù, ọṣẹ ni; ibẹ̀ ló ń gbé ènìyàn ṣubú jù, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ara ibi tó funfun ni kí wọ́n máa tẹ̀. Ká máa sọ "gígun òkè" fún èyí tí ẹsẹ̀ nìkan tó fún, ká sì fi "gígun àpáta" sílẹ̀ fún èyí tó ń béèrè ọwọ́ àti okùn. Olósùnta sì ní òrìṣà, ó ní ọdún tí wọ́n ń ṣe fún un. Àwọn tó ń bójú tó o ni kí ẹ kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ wọn.

"Ìrìn-àjò afẹ́" kò burú, ó kàn gbòòrò jù ni. Ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì lọ wo Ìkògòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, ìrìn-àjò afẹ́ ló lọ. Ẹni tó wọ bàálù lọ Dubai náà ń bẹ níbẹ̀. Èyí tí à ń wí, ẹsẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. A ti ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ pé "mo fẹsẹ̀ rìn ín ni". Ìfẹsẹ̀rìn, nígbà náà. Ẹni tó ń ṣe é ni afẹsẹ̀rìn. Ẹ rántí pé ìfẹsẹ̀rìn ní òṣùwọ̀n méjì, jíjìn àti gíga: wákàtí kan fún kílómítà márùn-ún lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí a tún fi wákàtí kan kún un fún 600 mítà tí a bá gùn. Ẹni tó bá ka jíjìn nìkan, ilẹ̀ á ṣú bá a lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ àpò wá kàn. Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ ibi tí ẹ ti mú un: à ń pọn ọmọ, nítorí náà ohun tí à ń pọ̀n ni àpọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ "àpò àpọ̀n" lọ́jà Ọba ní Adó, ọbẹ̀ ni gbogbo ọjà máa gbọ́. Wọ́n á bi yín pé àpò mélòó lẹ fẹ́ rà. "Àpò ẹ̀yìn" ti tó. Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí èrò yín ṣòfò, torí ohun kan wà nínú ọmọ pípọ̀n tó bá àpò yìí mu régí: ọ̀já. Ìyá tó bá mọ ọmọ í pọ̀n kì í fi èjìká gbé e. Abẹ́ ìdí ọmọ ni ọ̀já ń gbà, ìwúwo ọmọ a sì bọ́ sí ìbàdí ìyá. Okùn fífẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ àpò ẹ̀yìn, iṣẹ́ yìí gan-an ló ń ṣe, nítorí náà "ọ̀já ìbàdí" lorúkọ tó tọ́ sí i. Òun ni kí a kọ́kọ́ dè, lórí eegun ìbàdí gan-an, kó fún dáadáa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni okùn èjìká, tí a máa fà mọ́ra wẹ́rẹ́. Okùn àyà ló kẹ́yìn. Àwọn tó ń fa okùn èjìká ṣáájú, èjìká ló ń ru gbogbo ẹrù. Kò ní í pẹ́ tí ọrùn á máa ro wọ́n, tí ọwọ́ á sì máa kú tipiri. Tí a bá sọ pé "de ọ̀já kí o tó de èjìká", obìnrin èyíkéyìí tó ti tọ́mọ rí á mọ ìdí rẹ̀.

Ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo ara ni kí àpò má ṣe kọjá: 14 kílò fún ẹni tó wọn 70 kílò. Omi ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ìdajì lítà fún wákàtí kan nínú oòrùn, èyí tó jẹ́ píọ̀ wọ́tà kan. Ẹni mẹ́rin, wákàtí mẹ́fà, píọ̀ wọ́tà 24 nìyẹn, báàgì kan àti mẹ́rin lé, kílò 12 láàárín wọn. Kí wọ́n tú u sínú ike kí wọ́n tó gbéra, torí èèkàn àgọ́ kan ṣoṣo tó bá gún ọ̀rá nínú àpò, ìbora ti rin gbingbin nìyẹn. Kí ohun tó wúwo wà láàárín ẹ̀yìn, kó fara mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Kí ìbora wà nísàlẹ̀.

Ibùdó. Ẹ jẹ́ ká bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, Èkìtìparapọ̀, àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó parapọ̀ bá Ìbàdàn jà, dó sí apá Ìmẹ̀sí-Ilé, ogun Ìbàdàn dó sí Ìgbájọ. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ 1893 ni àwọn ibùdó náà tó túká tán. Ohun tí wọ́n ń pè ní dídó nìyẹn: ọdún gbọọrọ. Ẹni tó sùn mọ́jú ọjọ́ Àìkú kò dó síbì kankan. Ohun tó ṣe ni pé ó pàgọ́, Bíbélì Yorùbá sì ti fi "ìpàgọ́" sí etí wa láti ayé àwọn bàbá ńlá wa. Ìpàgọ́ ni kí a pè é. Ká fi ibùdó sílẹ̀ fún ibi tí wọ́n ti kọ́ ilé àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí, tí ènìyàn ń san owó wọ̀. Ẹnìkan bẹ̀rù pé àgọ́ á dà pọ̀ mọ́ àgọ́ ọlọ́pàá àti ti agùnbánirọ̀. Kò ní dà pọ̀: kò sẹ́ni tó ń sọ pé òun fẹ́ lọ pa àgọ́ ọlọ́pàá.

Àwọn ẹ̀yà àgọ́ náà ti ní orúkọ ní abúlé: ọ̀pá, okùn, èèkàn. Èèkàn tí à ń so ewúrẹ́ mọ́ ni. Bí a ṣe ń gbá a wọlẹ̀ ni kó yé wa: kí orí rẹ̀ dà sẹ́yìn, kúrò lọ́dọ̀ àgọ́, ní 45 dígírì. Tí a bá gbá a ṣánṣán, okùn á fà á yọ nígbà tí atẹ́gùn bá dé. Ìjì tó ń ṣáájú òjò lọ́dọ̀ wa sábà máa ń ti ìlà-oòrùn wá, nítorí náà ẹ̀yìn àgọ́ ló yẹ kó kọjú síbẹ̀, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà. Kí ẹnikẹ́ni má pàgọ́ sórí àpáta nígbà òjò: èèkàn ò lè wọlé, àrá sì máa ń wá ibi tó ga. Kí wọ́n má sì pa á sójú odò tó gbẹ, bó ti wù kí iyanrìn ibẹ̀ rọ̀ tó.

Iná náà nílò ìyàtọ̀: "iná ìdáná" fún oúnjẹ, "iná ìyáná" fún òtútù. Kí wọ́n má dá èyíkéyìí nínú wọn sórí àpáta tàbí kí wọ́n fi òkúta inú odò ṣe ààrò. Òkúta tó ti mu omi máa ń bú nígbà tí iná bá wọ̀ ọ́ lára, èérún rẹ̀ a sì fò mọ́ni lójú. Nígbà ọyẹ́, kí wọ́n má tilẹ̀ dáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko kòkó rárá.

Àrokò ló kù, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kí a ṣọ́ra jù. Iṣẹ́ tí ẹnìkan rán sí ẹlòmíì ni àrokò. Àmì ojú ọ̀nà kì í ṣe iṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. "Àmì ọ̀nà" ti sọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ nìkan. Nínú oko Èkìtì, nǹkan tí wọ́n so kọ́ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ìkarawun ìgbín tàbí àkísà tó rọ̀ sára igi, àalè ni: olóko ń sọ pé ẹ má fọwọ́ kàn án. Màrìwò tó dábùú ọ̀nà ń sọ pé ibi ọlọ́wọ̀ ló wà níwájú, ẹ padà. Ọ̀dọ́ tó bá wá so àkísà pupa mọ́ ẹ̀ka igi láti rántí ọ̀nà rẹ̀ ti pa àalè sínú oko onílẹ̀ láìmọ̀, olóko tó bá bá a níbẹ̀ lówùúrọ̀ lè gbà á sí èpè. Ọ̀rá aláwọ̀ búlúù, fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka méjì, ni kí wọ́n so ní oríta nìkan, ní ìwọ̀n ojú ènìyàn, kí wọ́n sì tú gbogbo rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń padà bọ̀.

Fún àpò tí wọ́n ń wọ̀ sùn, mo fara mọ́ "ìbora alápò". "Àpò ìsùn" ń dún létí mi bí ohun tí wọ́n fi ń gbé òkú. Kí wọ́n má gbàgbé ẹní lábẹ́ rẹ̀, torí ibi tí ara bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ìbora kì í mú ooru dúró mọ́.

Ó ku aṣọ tó ń bo àgọ́ lókè nítorí òjò. "Ìborùn àgọ́" ni mo dábàá. Bí obìnrin ṣe ń fi ìborùn lé èjìká lórí aṣọ tó ti wọ̀ tẹ́lẹ̀ ni aṣọ náà ṣe ń wà lórí àgọ́, kò sì gbọdọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn: kí àyè tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ wà láàárín wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ibi tí wọ́n bá ti kan ara ni omi máa gbà wọlé. Ẹ bá mi dán an wò ní àdúgbò yín. Ẹ na àgọ́ sílẹ̀ níwájú ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí, ẹ ní kó bá yín da ìborùn rẹ̀ bò ó, kí ẹ sì kọ èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ mú ránṣẹ́ sí wa.