Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: píkọ́ọ̀pù 504 bàbá wa, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Ìyàrà
Okun o, gbogbo ilé. Píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 kan wà lẹ́yìn ilé bàbá wa ní Ìyàrà. Òun ni wọ́n fi ń kó iṣu àti kajú wá láti oko nígbà tí ara wọn ṣì le. Láti ìgbà tí wọ́n ti papò dà, kò sẹ́ni tó tún fọwọ́ kàn án. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jókòó, koríko ti gba ìdí rẹ̀, adìẹ ń yé sínú rẹ̀. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ti wá wò ó, ẹ̀gbọ́n mi àgbà sì ti fẹ́ gbà fún wọn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó di tèmi.

Kàbà ni mo ń gbé, òpin ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń ráyè. Inú ọgbà ilé yẹn náà ni mo ti fẹ́ tún un ṣe, n kò fẹ́ wọ́ ọ lọ sí ọgbà mẹkáníìkì kó lọ di ibùsùn ewúrẹ́. Mo fẹ́ kó máa rìn, mo sì fẹ́ kó rẹwà: ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn, àga tuntun, rímù tó dáa, AC tó bá ṣeé ṣe. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Ṣé kí n tọ́jú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni, àbí kí n wá ti Toyota tọ́kunbọ̀ sí i?

Agbẹjọ́rò Abúlé
Okun, àbúrò. Kí o tó ra nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, jókòó ti àwọn ọmọ bàbá rẹ. Ogún ni ọkọ̀ yẹn. Lónìí tí adìẹ ń yé sínú rẹ̀, tìrẹ ni. Lọ́jọ́ tó bá ń dán tí gbogbo Ìyàrà ń yíjú wò ó, ìgbà yẹn ni wàá mọ iye ọmọ tí bàbá bí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọ, kí kálukú fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, tú àpótí bàbá, wá ìwé ọkọ̀ jáde. Fi nọ́ńbà ṣásíìsì tó wà lára ọkọ̀ wé ti inú ìwé kí pánẹ́lì bítà tó dé ibẹ̀, torí òòlù àti ọ̀dà lè pa nọ́ńbà rẹ́. Tó o bá yí àwọ̀ rẹ̀ padà tàbí tó o pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, àwọn tó ń ṣe ìwé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé tuntun tí yóò jẹ́ orúkọ rẹ. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àlàyé ni wàá máa ṣe fún wọn láti Kàbà dé Lọ́kọ́ja.

Mẹkáníìkì Kàbà
Ẹni tó bá ní kí o gbé bátìrì tuntun sí i kí o fi kọ́kọ́rọ́ yí i wò, má dá a lóhùn o. Ẹ́ńjìnnì tó ti dúró pẹ́, ríǹgì písítìnì rẹ̀ ti lè lẹ̀ mọ́ sílíìfù, ìyẹn irin oníhò tí písítìnì ń rìn nínú rẹ̀. Tí kíkì (sítátà) bá fi agbára yí i, ríǹgì á ṣẹ́, ohun tí òróró ìbá wò sàn á wá di iṣẹ́ owó ńlá. Tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, da òróró ẹ́ńjìnnì díẹ̀ sí ihò kọ̀ọ̀kan, fi í sílẹ̀ kó rin wọlé fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Lẹ́yìn náà, fi sípánà mú nọ́ọ̀tì púlì iwájú, fi ọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀. Tó bá kọ̀, má bá a jà. Tún da òróró sí i.

Wo ara ẹ́ńjìnnì kí o mọ irú èyí tó jẹ́. XM7 jẹ́ 1796 cc, ìbú písítìnì rẹ̀ jẹ́ 84 mm. XN1 jẹ́ 1971 cc, tirẹ̀ jẹ́ 88 mm. Àwọn méjèèjì jọra lójú, tó o bá sì lọ sí ọjà láìmọ èyí tó o ní, wọn á ta èyí tó wà nílẹ̀ fún ọ.

Ibi tí mo fẹ́ kí o fetí sí jù nìyí. Nínú ẹ́ńjìnnì yìí, omi ló yí sílíìfù ká tààrà. Omi odò lásán ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ wa ń bù sí rédíétọ̀ ní ayé ìjọsí, nítorí náà ìpẹtà ti dì sínú rẹ̀ bí ẹ̀kọ. Fọ rédíétọ̀, fọ inú búlọ́ọ̀kù, kí o wá lo omi kúláǹtì láti ìsinsìnyí lọ. Top cylinder rẹ̀, ìyẹn ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, alumíníọ̀mù ni. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná jù rí, ó ti lè tẹ̀, kí ẹni tó ní ẹ̀rọ tọ́ ọ kó tó padà sórí. Tí wọ́n bá sì tú u sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí ẹ́ńjìnnì láìjẹ́ pé wọ́n fi nǹkan de sílíìfù mọ́lẹ̀. Tí sílíìfù bá gbéra kúrò nídìí rẹ̀, síìlì ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ní dí omi mọ́, omi á máa lọ sínú òróró. Ọ̀pọ̀ 504 tí wọ́n ní ó ti kú, orí tábìlì mẹkáníìkì ni wọ́n ti pa á.

Bẹntiróòlù inú táǹkì ti di oje. Tú táǹkì sílẹ̀, fọ̀ ọ́, pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tí epo ń gbà kọjá, tú kábúrétọ̀, fọ̀ ọ́. Tí táǹkì bá jò, má jẹ́ kí wẹ́dà kankan fi iná kàn án torí pé kò sí epo nínú rẹ̀ mọ́. Afẹ́fẹ́ epo tó ṣẹ́ kù ló ń bú gbàù, kì í ṣe epo gan-an.

Bíréèkì ńkọ́? Gbogbo rọ́bà rẹ̀ ni kí o pààrọ̀, ti iwájú, ti ẹ̀yìn àti ti òkè. Má tilẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì dáa.

Tọ́kunbọ̀ Ìlọrin
Ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì, ẹ̀ ń dá iṣẹ́ sílẹ̀ ni o. Kí ó ra ẹ́ńjìnnì 3Y Toyota tọ́kunbọ̀, kí wọ́n jó síìtì (irin tí ẹ́ńjìnnì ń jókòó lé) sí i, kó máa lọ. 1998 cc ni, kò jìnnà sí ti Peugeot, ẹ́ńjìnnì yẹn kì í sì í ṣe wàhálà. Mo mọ 504 tó ń rin Omù-Àrán sí Ẹ̀gbẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì Toyota, ó sì ń kó ẹrù dáadáa.

Mẹkáníìkì Kàbà
@Tọ́kunbọ̀ Ìlọrin, n kò sọ pé kò ní rìn. Ó máa rìn. Ṣùgbọ́n síìtì ẹ́ńjìnnì á yí padà, gíá á yí padà, propeller á di gígé tàbí fífà gùn, páìpù èéfín, páìpù omi, kílọ́ọ̀ṣì, gbogbo rẹ̀ ni wọn á fi ọgbọ́n orí ṣe. Lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́ ní Ìsánlú, ẹni tó ṣe é nìkan ló mọ ohun tó ṣe níbẹ̀, onítọ̀hún sì wà ní Ìlọrin. 504 tó wà bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, mẹkáníìkì tí irun rẹ̀ ti funfun ní abúlé èyíkéyìí lè dìde sí i. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Kàdúná ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ nílẹ̀ yìí, wọ́n sì ń ṣe 504 títí wọ inú àwọn ọdún 2000. Ẹ̀yà rẹ̀ ò tíì tán. Lọ sí Ládípò ní Èkó, tàbí Panteka ní Kàdúná, tàbí Nnewi.

Tó bá fẹ́ gíá márùn-ún, kí ó wá ti Peugeot 505. Àwọn ènìyàn ń fi sínú 504. Àmọ́ kó má sanwó títí wọn á fi tẹ́ méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí wọ́n wọ̀n ọ́n.

Tọ́kunbọ̀ Ìlọrin
Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n tí búlọ́ọ̀kù bá ti là ńkọ́?

Mẹkáníìkì Kàbà
Tó bá ti là, ẹ gbé 3Y yín wá.

Pánẹ́lì Bítà Ẹ̀gbẹ̀
Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì ṣeé rà. Ara ọkọ̀ ni kò ṣeé rà. Àbúrò, kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ yẹn kúrò lórí koríko, kí o fi igi tó lágbára gbé e sókè ní ibi tí irin rẹ̀ ti nípọn, kí ọ̀rinrin ilẹ̀ yéé wọ inú rẹ̀. Jáàkì nìkan kò tó o, má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Lẹ́yìn náà, mú òòlù kékeré àti skrú díráífà, máa gún un: ilẹ̀ tí awakọ̀ ń tẹ̀, ìdí ilẹ̀kùn, orí táyà, abẹ́ gíláàsì iwájú, àti irin tó gbé ẹ̀yìn dúró. Ibi tó bá dún gbọ̀ọ̀, irin ṣì wà níbẹ̀. Ibi tó bá dún pẹ̀kẹ̀, ọ̀dà nìkan ló dì í mú.

Ó ní bàbá ń kó iṣu. Ṣé wọ́n kó ajílẹ̀ fatiláísà náà? Iyọ̀ inú rẹ̀ máa ń jẹ irin gidi gan-an, yóò sì ti wọ igun ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí ojú kò lè rí. Fi omi púpọ̀ fọ gbogbo rẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun.

Irin tó bá ti jẹ, ẹ gé e kúrò títí ẹ ó fi dé ibi tó ń tàn. Bọ́dì fílà kì í ṣe oògùn ìpẹtà. Ẹni tó bá pa fílà sórí ìpẹtà, òjò kejì ni yóò sọ fún un. Páànù tuntun tó nípọn bíi ti ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Páànù òrùlé kọ́ o! Síńkì tó wà lára rẹ̀, tí iná bá kàn án, èéfín rẹ̀ ń fún ènìyàn ní ibà, kò sì ní í jẹ́ kí wẹ́dì mú dáadáa. Iná gáàsì ni mo fẹ́ràn fún ara ọkọ̀, torí iná mànàmáná onígi máa ń jó páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lu. Tó bá jẹ́ iná mànàmáná náà ni ẹ máa lò, ẹ yọ bátìrì àti ọ́táńétọ̀ kúrò kí ẹ tó tan ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn wẹ́dì, ẹ fi sáńpépà ha á, ẹ pa oògùn ìpẹtà sí i, ẹ wá pa ọ̀dà pupa ìdí. Àwọn kan á pa ọ̀dà pupa yìí tán, wọn á fi ọkọ̀ sílẹ̀ nínú òjò fún oṣù mẹ́ta títí owó yóò fi tún dé. Ọ̀dà ìdí ń gba omi wọlé. Tí kò bá sí owó ọ̀dà òkè, bò ó mọ́lẹ̀ sábẹ́ àtíbàbà.

Fún ọ̀dà aláwọ̀ ewé rẹ, autobase àti kílíà (ọ̀dà tí kò ní àwọ̀, tó ń jẹ́ kó dán) ló dáa. Ṣùgbọ́n háádínà inú kílíà yẹn ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kí ẹni tó ń fín in wọ ìbòmú tó ní asẹ́, kì í ṣe aṣọ tí wọ́n so mọ́ imú. Tí ilé bá súnmọ́ ibẹ̀, kó àwọn ọmọdé kúrò.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́
Èmi ò mọ mẹkáníìkì, ẹrù ni mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọkọ̀ yẹn di ohun tí kò lè kó nǹkan mọ́. Àwọn ọmọ òde òní á ge sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè wálẹ̀, wọn á wá sọ pé ó ń dán. Ọ̀nà kọnkéré Ọbajànà sí Kàbà lè gbà á, ṣé òun náà ló gba inú oko kọjá? Ẹ tẹ́ pákó sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí àlàfo díẹ̀ wà láàárín pákó kan àti èkejì kí omi lè ṣàn. Kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ síbẹ̀ yẹn, abẹ́ rẹ̀ kì í gbẹ láé.

Àga aláwọ ńkọ́, nínú oòrùn wa yìí? Ẹ ṣáà dáná sún ẹni tó jókòó.

Rewáyà Mọ̀pà
Ìyá, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín, òótọ́ sì ni. Aṣọ tó nípọn ló dáa, kí wọ́n pààrọ̀ fóòmù, kí wọ́n sì tọ́jú irin àga bàbá.

Wáyà: níbi tí adìẹ bá ń yé sí, eku wà ńbẹ̀. Má tan iná kankan títí wọn á fi tẹ̀ lé gbogbo wáyà láti bátìrì dé iná ẹ̀yìn. Kọ́kọ́ fọ ibi tí wáyà ilẹ̀ ti so mọ́ ara ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì; ìdajì àìsàn wáyà 504, ibẹ̀ ló wà. Fi rílé sí iná iwájú, kí agbára iná má máa gba inú síwíìṣì kọjá. Fi fíúsì sí gbogbo ohun tuntun tó o bá kì bọ inú rẹ̀, rédíò náà wà lára wọn.

AC ṣeé ṣe, àmọ́ òun ló gbẹ̀yìn. Ó ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì, ó ń fi ooru kún ti rédíétọ̀, ó sì ń béèrè ọ́táńétọ̀ tó tóbi. Ẹ́ńjìnnì tí kò tíì tutù dáadáa fúnra rẹ̀, AC á kàn yára pa á.

Rímù: má gbà kí wọ́n ta rímù ńlá pẹ̀lú táyà fẹ́lẹ́ fún ọ. Kòtò Kàbà sí Ẹ̀gbẹ̀ á fọ́ ọ. Tó o bá ń ra táyà, wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tọ́kunbọ̀ lè dúdú kó máa dán, kó sì ti gbó ju àbúrò rẹ lọ.

Ọmọ Ìyàrà
Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Mo ti gbé e kúrò lórí koríko, púlọ́ọ̀gì ti jáde, XM7 ló wà lára rẹ̀. Mo gún ilẹ̀ awakọ̀ bí ẹ̀gbọ́n pánẹ́lì bítà ṣe wí, skrú wọlé dé ìdí, ṣùgbọ́n irin ẹ̀yìn dún gbọ̀ọ̀. Àga aláwọ ti kúrò lọ́kàn mi. Ìyá, a óò tẹ́ pákó.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìyọ̀ǹda, gbogbo wọn ti fọwọ́ sí i àyàfi ẹ̀gbọ́n mi àgbà. Ó ní òun máa fọwọ́ sí i tí mo bá lè fi ọkọ̀ náà gbé ọmọ òun lọ sí ìgbéyàwó ní Oṣù Kejìlá.

Pánẹ́lì Bítà Ẹ̀gbẹ̀
Oṣù Kejìlá kẹ̀? Ọyẹ́ ti dé nígbà yẹn, eruku á lẹ̀ mọ́ kílíà kó tó gbẹ. Ọjọ́ tí òjò bá dáwọ́ dúró ní Oṣù Kẹwàá ni kẹ́ ẹ fín in, ní àárọ̀ kùtù, kí ẹ sì bu omi wọ́n ilẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Gé ilẹ̀ awakọ̀ yẹn ní ọ̀sẹ̀ yìí, má dúró de ẹ́ńjìnnì.

Agbẹjọ́rò Abúlé
Kí ó fọwọ́ sí i kí ẹ tó gé e.