Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ibo la ti lè ṣe radiotherapy fún màmá mi?

Ọmọ Abẹ́òkúta:
Ẹ kú ilé o. Jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ ló ń ṣe màmá mi. Dókítà ní ó ti kọjá iṣẹ́ abẹ, radiotherapy ló kù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ta ìtànṣán sí jẹjẹrẹ, pẹ̀lú chemo (oògùn jẹjẹrẹ) lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ṣé Èkó ni kí n gbé wọn lọ ni, àbí Ìbàdàn? Ẹ̀rù ẹ̀rọ náà ń bà wọ́n, wọ́n ní ó máa jó àwọn.

Ìyá Ìbejì:
Ara màmá á yá, láṣẹ Ọlọ́run. NSIA-LUTH, ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó, ni àǹtí mi ti ṣe tiwọn, inú ọgbà ọsibítù LUTH ló wà. 2019 ni wọ́n ṣí i. Ẹ fi màmá lọ́kàn balẹ̀: wọ́n á dùbúlẹ̀, ẹ̀rọ á máa yí wọn ká, kò ní kàn wọ́n lára, kò sì ní dùn wọ́n. Wọ́n á kọ́kọ́ ya àwòrán inú ara wọn (CT), wọ́n á wá fi àmì sí wọn lára. Kí wọ́n má fi kànìnkànìn bó àmì yẹn o! Ó máa ń rẹ èèyàn, wọ́n sì lè máa yàgbẹ́ gbuuru.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́:
Kí ẹ tó sanwó níbikíbi, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń ṣe brachytherapy, ìyẹn ìtànṣán àtinú. Fún irú jẹjẹrẹ yìí, ìtànṣán tó ń ti ìta wọlé nìkan kì í sábà tó. Wọ́n á tún ti ohun èlò kékeré kan gba ojú ara wọlé, kí ìtànṣán lè dé ìdí jẹjẹrẹ gan-an. UCH, ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ní Ìbàdàn, ń ṣe é, NSIA-LUTH náà ń ṣe é. Ti ìta máa ń tó ìgbà 25, Mọ́ńdè sí Fúráìdè. Àtìta àtinú, kò yẹ kó kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Bó bá ń falẹ̀, agbára ìtọ́jú á máa dín kù.

Bàbá Ṣadé:
Ọmọ mi, gbọ́ ti nọ́ọ̀sì yẹn. Níbi tí mo gbé ìyàwó mi lọ, ẹ̀rọ bà jẹ́ nígbà tí ìtọ́jú dé àárín, wọ́n ní ká máa retí. Ó dùn mí dọ́kàn. Béèrè lọ́wọ́ wọn pé bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, ibo ni wọ́n máa gbé aláìsàn lọ? Má sì rò pé wàá máa fi reluwé gbé màmá lọ gbé wọn bọ̀ lójoojúmọ́ láti Abẹ́òkúta, á rẹ̀ wọ́n jù. Wá ilé sí ìtòsí ọsibítù.

Ìyá Ìbejì:
Ọ̀rọ̀ owó náà ńkọ́? Ẹ béèrè Cancer Health Fund, owó ìrànwọ́ ìtọ́jú jẹjẹrẹ ti ìjọba àpapọ̀. Ó wà fún aláìní tó ní jẹjẹrẹ ọmú, ti ọrùn ilé ọmọ tàbí ti prostate tàwọn ọkùnrin. UCH wà lára àwọn ọsibítù tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Abẹ́òkúta:
Ẹ ṣé gan-an ni. Àbúrò màmá ń gbé Yemẹtu n'Ìbàdàn, UCH la máa lọ. Kí ni ká mú dání?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́:
Èsì biopsy (àyẹ̀wò ẹran ara tí wọ́n gé níbi jẹjẹrẹ), gbogbo àwòrán tí wọ́n ti yà, àti èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ti kídìnrín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Bí ẹ̀jẹ̀ wọn bá kéré, wọ́n lè kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára. Ẹ tètè débẹ̀ láàárọ̀.