Ẹ gbà mí o, oorun ti kọ̀ mí sílẹ̀

Àbíkẹ́:
Ẹ kú òru o, ẹ̀yin ará ilé. Aago méjì ti kọjá bí mo ṣe ń kọ èyí, orí àga pálọ̀ ni mo wà kí iná fóònù mi má baà jí ọkọ mi. Orí ọkọ mi kì í tíì kan ìrọ̀rí tán tó ti máa ń hanrun. Mi ò bá a jà, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí. Àwa méjì la jọ dùbúlẹ̀, òun á sùn fọnfọn, èmi á máa ka igi òrùlé. Ó ti tó oṣù mẹ́rin báyìí. Bí mo bá wọlé sùn ní aago mẹ́wàá, ojú mi á là kalẹ̀ títí di aago kan, nígbà míì títí di méjì. Aago ara ògiri wa ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, mo ti yọ bátìrì rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní ìrònú ló pọ̀ lọ́kàn mi, pé kí n máa fúyẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú débi pé mi ò fojú kan oorun rárá lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ti mu mílíìkì gbígbóná, mo ti ki ẹsẹ̀ bọ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, mo ti ka oókan títí dé ọgọ́rùn-ún, mo tún kà á padà. Ẹni tó bá mọ ohun téèyàn lè ṣe nílé tí oorun á fi tètè kùn ún, kó jọ̀ọ́ kó sọ fún mi. Mi ò fẹ́ oògùn oorun o.

Ìyá Ìbejì:
Àbíkẹ́ mi, pẹ̀lẹ́. Fóònù ọwọ́ rẹ yẹn ni. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ ò tíì ṣú, kò sì ní jẹ́ kí melatonin tó ń mú oorun wá jáde bó ṣe yẹ. Wákàtí kan kí o tó sùn, gbé e sí yàrá míì.

Bọ̀dá Táyọ̀:
Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣiṣẹ́ òru. Bí mo bá délé láàárọ̀, aṣọ dúdú ni mo fi ń bo fèrèsé, àwọn ọmọ á máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn. Ìyà jẹ mí. Ohun tó yọ mí ni kí n wẹ omi gbígbóná ní nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀ kí n tó sùn. Kì í ṣe kéèyàn wẹ̀ tán kó fò sórí ibùsùn o. Omi náà á fa ẹ̀jẹ̀ wá sí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, ooru á gba ibẹ̀ jáde, inú ara á wá tutù díẹ̀díẹ̀, ìgbà yẹn ni oorun ń dé. Kí yàrá náà tutù, bíi dígírì 18.

Ọlá:
Ife wáìnì kan péré, àǹtí. Ẹ óò sùn bí ọmọdé.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Ọlá, má fìyẹn kọ́ èèyàn. Ọtí á gbé e sùn lóòótọ́, á sì jí i lọ́gànjọ́. Àǹtí, bí ẹ bá ti dùbúlẹ̀ tó bí ogún ìṣẹ́jú tí oorun ò wá, ẹ dìde. Ẹ jókòó síbi tí iná ò ti mọ́lẹ̀ púpọ̀, ẹ ṣe ohun tí kò gba agbára. Ìgbà tójú bá wúwo kẹ́ ẹ tó padà. Láti 1972 ni Richard Bootzin, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwà ẹ̀dá, ti gbé ìlànà yìí jáde. Bẹ́ ẹ bá ń jà lórí ibùsùn lálaalẹ́, ọkàn yín á mọ̀ ọ́n sí ibi ìjà.

Ìyá Ìbejì:
Kó dìde kẹ̀? Bó bá dìde, oorun tó kù lójú rẹ̀ á lọ. Èmi máa ń di ojú mi ni, mo ń gbàdúrà títí tó fi gbé mi lọ.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Màmá, oorun yín ò tíì ṣàìsàn ni. Mi ò bú yín o.

Àbíkẹ́:
Kì í ṣe fóònù, ẹ̀yin ìyá mi. Ìgbà tí mi ò bá rí oorun sùn ni mo ń gbé e. Ọ̀rọ̀ ọtí, èmi ò mu ún. N óò gbìyànjú ti omi yẹn. Bí mo bá tibi iṣẹ́ dé, mo máa ń rẹjú láti márùn-ún sí méje, ìyẹn nìkan ló ń gbé mi ró, ẹ má sọ pé kí n fi í sílẹ̀.

Bọ̀dá Táyọ̀:
Wákàtí méjì nírọ̀lẹ́! Àbíkẹ́, o ti sùn tán kí alẹ́ tó lẹ́. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọ̀sán ni kó o sì ti ṣe é.

Ìyá Ìbejì:
Mo sọ bẹ́ẹ̀, àti fóònù.

Apòògùn:
Ẹ jẹ́ kí n bi wọ́n ní nǹkan kan. Àǹtí, oògùn wo lẹ̀ ń lò?

Àbíkẹ́:
Mi ò lo oògùn kankan. Ti ẹ̀fọ́rí nìkan ni, méjì lálaalẹ́ kí n tó dùbúlẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń lò ó.

Apòògùn:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé páálí rẹ̀, kẹ́ ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ fún wa.

Àbíkẹ́:
Mo ti fi iná tọ́ọ̀ṣì wò ó. Paracetamol 500 mg. Lábẹ́ rẹ̀, lẹ́tà tín-ín-rín, Caffeine 65 mg.

Apòògùn:
Ẹyọ kan nìyẹn. Méjì jẹ́ 130. Caffeine yìí, kaféènì, ló wà nínú kọfí, ife kọfí kan sábà máa ń ní bíi 95 mg rẹ̀. Kọfí lẹ̀ ń mu kẹ́ ẹ tó sùn, àǹtí. Láti òwúrọ̀ ni nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní adenosine ti ń gbára jọ nínú ọpọlọ, òun ló ń mú kójú wúwo. Kaféènì á lọ jókòó sí àyè rẹ̀, kò ní jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ó sì máa ń tó bíi wákàtí márùn-ún kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára. Èwo ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀fọ́rí àbí àìsùn?

Àbíkẹ́:
Ẹ̀fọ́rí ni. Oṣù márùn-ún sẹ́yìn, ìgbà tí wọ́n gbé mi sídìí kọ̀ǹpútà. Ọlọ́run mi. Mo ti ń bínú sí ìyá ọkọ mi.

Apòògùn:
Ẹ lọ rí dókítà nítorí ẹ̀fọ́rí yẹn, kí wọ́n wo ojú yín àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín. Irú oògùn yìí, béèyàn bá ń lò ó ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ lóṣù, ó lè máa dá ẹ̀fọ́rí sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá dá a dúró, orí lè kọ́kọ́ le sí i fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ sọ fún dókítà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọlá:
Ti ẹ̀gbọ́n mi náà ní caffeine! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo tiwọn ni.

Àbíkẹ́:
Ẹ kú àárọ̀ o. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé. Dókítà ní kí n dá a dúró, wọ́n sì ní kí n lọ yẹ ojú wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, orí mi fẹ́ là, ọkọ mi ló ń fi aṣọ tútù bò mí níwájú orí. Mo ti dín rírẹjú kù sí ogún ìṣẹ́jú, ìyẹn ṣì ń ni mí lára. Lánàá, aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo wò kẹ́yìn. Ọkọ mi ní èmi náà hanrun.