Kíkà asán ń pọ̀ lórí detector: ẹ wo ìwọ̀n òtútù kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn

Bàbá Ṣadé, Kubwa:
Ẹ kú ooru o, ẹ̀yin ará. Kíkà asán ni kí detector ka ohun tí kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ tí à ń wá. Wáyà NbN (niobium nitride) inú detector tó ń ka fótọ́ọ̀nù, ìyẹn ẹyọ ìmọ́lẹ̀, kò nípọn ju nǹkan bíi nanomita 5 lọ, fífẹ̀ rẹ̀ sì tó 100. Ní kelvin 2.5 (nǹkan bíi -271°C), iná ń gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdènà. Fótọ́ọ̀nù kan ṣoṣo tó bà lé e, ojú ibẹ̀ á gbóná fẹ́ẹ́rẹ́, iná á yà sínú amplifier tó ń mú àmì kékeré tóbi, ẹ̀rọ á sì kà á ní ọ̀kan.

Ká ní wáyà náà lè gba máíkíróámpù 20 kó tó yí padà sí wáyà tó ní ìdènà, ẹ sì fi bias (iná tẹ́ ẹ̀ ń rán gba inú rẹ̀) sí 18. Bí òtútù bá dín kù tó fi di kelvin 3.5, 20 yẹn lè já wá sí nǹkan bíi 18.3. Ẹ ò fọwọ́ kan nǹkan kan, àmọ́ bias yín ti dé etí bèbè. Ibẹ̀ ni kíkà asán ti ń rọ́ wọlé. Nígbà mìíràn wáyà á gbóná, á sì dúró bẹ́ẹ̀ láìka nǹkan kan mọ́. Ẹ dá bias padà sí òdo, kẹ́ ẹ tún rọra gbé e sókè.

Ìyá Tómi, Zaria:
Ẹ ṣé gan-an, sà. Ooru òde kì í dé ọ̀dọ̀ wáyà, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ hílíọ́mù tó ń mú detector tutù ló ń fìyà jẹ. Eruku ọyẹ́ á ti dí ìyẹ́ kọndẹ́ńsà rẹ̀ pa kí oṣù Ẹrẹ́nà tó dé. Tí òde bá wá ń sún mọ́ 40°C, ẹ̀rọ á pa ara rẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a, kẹ́ ẹ fẹ́ atẹ́gùn láti inú síta. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ láti ìta, ẹ̀ ń ki eruku náà wọlé ni.

Bí wọ́n bá mú iná lọ, inverter tó gbé kọ̀ǹpútà kò lè gbé kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, torí kìlówáàtì ló ń jẹ. Ẹ tètè dá bias sí òdo. Tí iná bá dé, ẹ dúró kí kelvin fìdí múlẹ̀, kẹ́ ẹ wá tún wọn iná tí wáyà lè gbà. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà àná.

Láńre, Gwarinpa:
Òtútù nìkan kọ́ ló ń fa kíkà asán. Fáìbà (okùn gíláàsì tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ wọ detector) tó wà nínú yàrá gbígbóná náà ń rán fótọ́ọ̀nù wọlé, kódà tẹ́ ẹ bá dé orí rẹ̀. Ẹ rọra dín bias kù: kíkà asán ti wáyà fúnra rẹ̀ á já lójijì, ti fáìbà á kọ́kọ́ dúró gbọn-in. Tó bá jẹ́ ti fáìbà, ẹ ká a ní òbìrí kékeré sí ìpele kelvin 40 nínú ẹ̀rọ òtútù.