Ṣé a lè pe ẹni tó wọlé láìkágò ní "mo-gbọ́-mo-yà"?

Ẹ̀yin àgbà èdè, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi yanjú ọ̀rọ̀ yìí.

Òde ìnáwó ni wọ́n ti sábà máa ń lo "mo-gbọ́-mo-yà": ẹni tí wọn ò pè, tó gbúròó ìlù, tó yà síbẹ̀, tó tún ń retí ìrẹsì. Ẹ̀fẹ̀ wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀sùn. "Já wọlé" le jù ú lọ, ipá tàbí òjijì ló ń sọ: "Ọlọ́pàá já wọlé." "Yọ́ wọlé" ní tirẹ̀, ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ ni, bíi ti olè tàbí ológbò.

Ẹni tí kò jalè, tí kò jà, àmọ́ tó gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ onílẹ̀ láìké "àgò", láìdúró gbọ́ "àgò yà", kí là ń pè é? Ẹnu oko ni wọ́n fẹ́ kọ ọ́ sí, lára pátákó. "Awọlé-láìgbàṣẹ" dún bí ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ jù. "Atojúbọ̀" sì jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ju ilẹ̀ lọ.

Ṣé ọ̀rọ̀-orúkọ kan wà fún un ní Ìjẹ̀bú, Èkìtì tàbí Kétu? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbólóhùn kan tì í lẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì fàmì ohùn sí i.